Ṣé owó jíìmù olówó ńlá tó ohun tí à ń rí gbà níbẹ̀?

Ìbéèrè kan ni ẹ̀yin olùgbọ́ wa ń bi wá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìkọ̀yà tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Òkìtìpupa: ṣé kéèyàn san owó ńlá di ọmọ ẹgbẹ́ jíìmù, àbí kó fowó rẹ̀ sápò?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó náà. ₦73,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ondo fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Ká sọ pé jíìmù kan ń gba ₦20,000 lóṣù, tàbí ₦2,000 lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ẹni tó bá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ jèrè, torí owó ìgbà kọ̀ọ̀kan kò tó ₦1,700. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń san ₦5,000 fún ohun tí ẹlòmíì ń san ₦2,000 fún lẹ́nu ọ̀nà.

Èwo la sábà máa ń jẹ́ nínú méjèèjì? Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó lé ní 7,700 wò ní jíìmù mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Àwọn tó ń san ju $70 lọ lóṣù kì í lọ tó ìgbà márùn-ún. Ìgbà kọ̀ọ̀kan wá ń ná wọn ju $17 lọ, bẹ́ẹ̀ $10 ni ì bá jẹ́ ká ní tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n rà. Kì í ṣe òyìnbó nìkan o. Èmi náà ti san owó oṣù mẹ́ta rí. Ìgbà mẹ́fà péré ni mo fojú kan ẹ̀rọ wọn.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Ìrìn kíákíá wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ oko náà wà nínú ẹ̀. Ìyá tó ń ru gbágùúdá bọ̀ láti oko, tó tún ń fi ṣe pùpùrù, kò nílò ẹ̀rọ ìsáré kankan.

Àwa tá à ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ lọ̀rọ̀ kàn: oníròyìn, òṣìṣẹ́ báńkì, awakọ̀, oní-POS. A ò sì lè sọ pé kí gbogbo èèyàn máa sáré lójú títì. Ọ̀pọ̀ títì wa ò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ọlọ́kadà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń bẹ̀rù ìdájí, tàbí ẹni tí orúnkún ń dùn tó nílò olùkọ́, lè rí èrè gidi nínú jíìmù.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé iná. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí òkùnkùn fi bá wa fínra ní gúúsù Ondo. Kẹ́ ẹ tó san owó ọdún kan, ẹ béèrè wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ béèrè bóyá owó máa lé tí dísù bá wọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa dá owó padà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ètò tẹ́ ẹ ti ṣe sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu.

Ní tèmi, ẹ san owó ojoojúmọ́ fún oṣù kan ná. Ẹ fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lọ. Tí àmì náà ò bá pé mẹ́wàá, ẹ má tíì san owó oṣù.