Ẹ Yé Fi Jordan Bu Adé Ọlájùwọ́n Kù

Níbi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n bá ti ń jiyàn lórí Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tó di àgbà ọ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ife méjì tó gbà pẹ̀lú Houston Rockets lọ́dún 1994 àti 1995 kàn bọ́ sí i lọ́wọ́ ni, torí Michael Jordan ti Chicago Bulls ò sí nílé. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu ayé débi pé àwọn ọmọ Yorùbá gan-an ń bá wọn sọ ọ́. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo sáà 1994 sí 1995 látòkèdélẹ̀ yóò rí i pé ọ̀nà tí Houston gbà dé ìdí ife náà le ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí a ń yìn lọ, àti pé Jordan ti padà sórí pápá kí wọ́n tó gbà á.

Sáà náà ò rọrùn rárá. Lọ́dún tó ṣáájú, eré 15 àkọ́kọ́ ni Houston borí láìpàdánù ẹyọ kan. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan dojú rú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1995, wọ́n fi Otis Thorpe, géńdé tó ń bá Ọlájùwọ́n jà lábẹ́ àwọ̀n, gba Clyde Drexler lọ́wọ́ Portland. Drexler àti Ọlájùwọ́n ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Houston rí. Kí wọ́n tó ṣe pàṣípààrọ̀ náà, wọ́n ti borí nínú eré 30, wọ́n sì ti pàdánù 17. Lẹ́yìn rẹ̀, 17 ni wọ́n borí, 18 ni wọ́n pàdánù. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára Ọlájùwọ́n kò jẹ́ kó gbá àwọn eré kan. Vernon Maxwell lu òǹwòran kan ní Portland, wọ́n sì dá a dúró. Ipò kẹfà ni wọ́n parí sí níhà ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n nínú pákáleke yẹn ni nǹkan kan ti ń gbèrú tí ìṣirò eré kò fi hàn. Robert Horry ló bọ́ sí àyè Thorpe, ó ga, ó sì mọ bọ́ọ̀lù jù láti òkèèrè. Àwọn géńdé ẹgbẹ́ tó bá kojú wọn ò lè dúró sábẹ́ àwọ̀n mọ́, wọ́n ní láti jáde lọ ṣọ́ ọ, ó sì wá ku Ọlájùwọ́n àti ẹyọ ẹnìkan. Ẹgbẹ́ tí kò gbá a bẹ́ẹ̀ lóde òní ò wọ́pọ̀. Wọ́n lè sọ pé ọdún yẹn náà ni NBA sún ìlà pọ́ìntì mẹ́ta mọ́ ìtòsí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ 27 ni wọ́n sún un fún.

Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n lù. Utah borí nínú eré 60 lọ́dún náà, Phoenix 59, San Antonio 62, Orlando 57. Kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò gbá bọ́ọ̀lù ju Houston lọ nínú sáà, ilé wọn sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbàlejò Houston. Phoenix ti ń fi 3 sí 1 ṣíwájú kí Houston tó gbá mẹ́ta léra tí wọ́n sì borí, pọ́ìntì kan ṣoṣo ló sì yà wọ́n nínú eré keje. Ní San Antonio, wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ́dún náà lé David Robinson lọ́wọ́ kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀, níṣojú Ọlájùwọ́n. Ìgbà tí eré dójú ẹ̀, Ọlájùwọ́n gba bọ́ọ̀lù, ó yí padà, ó ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú, Robinson fò sókè. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀, Ọlájùwọ́n ti gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Pọ́ìntì 41 ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Orí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ l'Ékòó ni ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá, kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ NBA.

Àwọn kan á ní oríire ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nínú eré àkọ́kọ́ àṣekágbá, Orlando ń fi pọ́ìntì mẹ́ta ṣíwájú, ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, Nick Anderson ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàsé. Kenny Smith ju ti pọ́ìntì mẹ́ta, eré dọ́gba, wọ́n gbá àfikún àsìkò, Ọlájùwọ́n sì fọwọ́ ti èyí tí Drexler jù tí kò wọlé sínú àwọ̀n nígbà tí aago fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Ṣùgbọ́n Orlando ṣì ní eré mẹ́ta sí i láti fi tún un ṣe, wọ́n sì pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti pé Drexler ló gbé e dé ibẹ̀, ta ló dá nìkan gba ife rí? Jordan pàápàá ní Scottie Pippen.

Ó wá kan Jordan ọ̀hún. Oṣù kẹta 1995 ló padà sí Chicago Bulls, ó sì wà nínú wọn nígbà tí Orlando lé wọn lọ sílé, 4 sí 2. Orlando yìí kan náà ni Houston nà ní 4 sí 0. Wọ́n á ní ara rẹ̀ ò tíì padà bọ̀ sípò. Báwo wá ni ẹni tí ara rẹ̀ ò bọ̀ sípò ṣe ń jẹ ju pọ́ìntì 31 lọ nínú eré kọ̀ọ̀kan nínú àwọn eré ìyọkúrò ọdún yẹn? Géńdé abẹ́ àwọ̀n ni Chicago ò ní. Horace Grant tó ń ṣe é fún wọn tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Orlando. Ẹgbẹ́ tí kò rójú Grant àti Shaquille O'Neal, kí ni wọn ì bá fi dá Ọlájùwọ́n dúró?

Ife 1994 nìkan ló ṣẹ́ kù fún àwọn tó ń jiyàn, torí Jordan ò gbá bọ́ọ̀lù rárá nínú sáà yẹn. Kò sẹ́ni tó lè búra lórí eré tí kò wáyé. Èyí tó wáyé la lè kà: nínú sáà mẹ́ta tí Chicago fi gba ife léraléra, láti 1990 sí 1993, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n pàdé Houston, Houston sì borí nínú márùn-ún. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sọ pé Ọlájùwọ́n ì bá má rí ife kankan gbà, òun ló yẹ kó wá ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.