Ọjọ́ Wo Ni Fọ́ọ̀mù Ofili Kúrò Nílé?

Ní Ìsẹ́yìn, bí oníbàárà bá kó òwú fún ahunṣọ, tó san àsansílẹ̀, tí aṣọ náà wá bàjẹ́ lórí òfì, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ni ibi tó ti bàjẹ́. Òwú tó já nítorí pé kò lágbára, ọ̀ràn òwú nìyẹn; oníbàárà á mí kanlẹ̀, á lọ ra òmíràn. Èyí tó já nítorí pé ahunṣọ ń tòògbé, ọ̀ràn ahunṣọ ni, ó sì gbọ́dọ̀ wá nǹkan sọ.

Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni kò sí nínú ariwo tó sọ nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà ti ìdíje Olympics Paris dé lọ́wọ́ òfo ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Eléré 88 ló lọ, kò sí àmì-ẹ̀yẹ kan tó bá wọn bọ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Seoul ní 1988, ó sì ṣẹlẹ̀ ní London ní 2012. Àwọn èèyàn bú mínísítà eré ìdárayá, wọ́n sì bú àwọn eléré mọ́ ọn. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó sáré kọjá àwọn igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene ní 2022, tí ẹnikẹ́ni kò sì sá irú rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà, kò dé ìpele àṣekágbá ní Paris. Àwọn kan bú u bí ẹni tó jí owó ìlú. Ẹni tó sáré, tí ẹlòmíràn yá jù ú lọ, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Kò sí ìjọba tó lè ṣòfin pé kí ọmọ ẹni borí.

Ṣùgbọ́n ìjọba àti àwọn àjọ tó ń náwó rẹ̀ lè fi orúkọ ránṣẹ́ lásìkò. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà.

Favour Ofili kúnjú òṣùwọ̀n fún eré mítà 100 àti 200 ní Paris. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ti mítà 100. Òun fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ fáyé, tó ní àjọ eré sísá Nàìjíríà, AFN, àti ìgbìmọ̀ Olympics, NOC, ni kò fi orúkọ òun sílẹ̀. Ó sá mítà 200, ó sì wọ àṣekágbá, níbi tó ti ṣe ipò kẹfà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bébà ni kò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, èèyàn lè pè é ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n Ofili kan náà wà lára àwọn eléré 10 tí wọ́n lé kúrò nínú ìdíje Olympics Tokyo ní 2021. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé: Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì nítorí oògùn afúnnilókun, òfin sì ní kí eléré wọn ṣe àyẹ̀wò òjijì mẹ́ta, ó kéré tán, láàárín oṣù 10 ṣáájú ìdíje. AFN kò rí i pé àyẹ̀wò náà pé. Eléré 18 ni òfin yẹn lé kúrò ní gbogbo àgbáyé. 10 nínú wọn jẹ́ ti Nàìjíríà. Kì í ṣe pé wọ́n ká oògùn mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lára o. Àwọn eléré náà gbé pátákó jáde ní ìgboro Tokyo láti sọ fáyé pé ọwọ́ àwọn mọ́.

Nínú àwọn mẹ́wàá náà, ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Annette Echikunwoke, tó ń ju irin tí wọ́n ń pè ní hammer. Lẹ́yìn Tokyo, ó yí padà sí ikọ̀ Amẹ́ríkà. Ní Paris, níbi tí Nàìjíríà kò ti rí nǹkankan gbà, ó gba fàdákà fún Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí iṣẹ́ ọ́fíìsì tí a kò ṣe lè náni, kó wo fàdákà yẹn.

Ní Paris kan náà, Ese Ukpeseraye, tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje fún Nàìjíríà, yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kó tó lè díje. Wọ́n ní ó ti pẹ́ kí àyè ìdíje náà tó tẹ wọn lọ́wọ́, èèyàn lè gba ìyẹn gbọ́. Èyí tó ṣòro láti gbà gbọ́ ni owó. Bílíọ̀nù 12 náírà ni ìròyìn sọ pé ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fún Olympics, Paralympics àtàwọn ìnáwó eré ìdárayá mìíràn. Síbẹ̀, àwọn akàndá ẹ̀dá tó lọ sí Paralympics mú àmì-ẹ̀yẹ méje bọ̀, wúrà méjì wà níbẹ̀. A jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ilé ló jó.

Kí ni ìjọba wá ṣe? Ní oṣù kẹwàá 2024, Ààrẹ Tinubu pa iléeṣẹ́ tó ń rí sí eré ìdárayá rẹ́, ó dá National Sports Commission padà, ó sì fi Shehu Dikko ṣe alága. Mínísítà àtijọ́, John Enoh, bọ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn. Wọ́n pààrọ̀ pátákó ẹnu ọ̀nà. Ará Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ìsẹ́yìn wà, mọ irú eléyìí dáadáa: láti ayé Ààrẹ Shagari ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdídò Ìkéré Gorge lórí odò Ògùn lẹ́bàá ìlú náà, mínísítà ń wá, mínísítà ń lọ, iná mànàmánà tí wọ́n ní yóò tibẹ̀ jáde ṣì wà lórí bébà.

Àwọn kan á ní àjọ eré sísá kì í ṣe ọmọọ̀dọ̀ ìjọba, pé àwọn aláṣẹ eré lágbàáyé kò fẹ́ kí ìjọba tojú bọ̀ ọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gba owó ìjọba ti gba ìbéèrè pọ̀ mọ́ ọn. Bí àjọ kan bá sì bá òṣìṣẹ́ rẹ̀ wí nínú yàrá, tí aráàlú kò gbọ́, ìyẹn kì í ṣe ìjíhìn. Ìjíhìn ni kí ìwé wà ní gbangba: ẹni tó yẹ kó ṣe iṣẹ́, ọjọ́ tó yẹ kó ṣe é, iye tó gbà, àti ìdí tí kò fi ṣe é.

Fàdákà tí Amusan gbà ní ìdíje àgbáyé Tokyo ní oṣù kẹsàn-án 2025 ti mú kí ọ̀pọ̀ gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é: àmì-ẹ̀yẹ kan dé, ìbéèrè kú. Àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ lásán sáré lórí pápá ilé-ìwé ní Ṣakí, níbi tí wọ́n ti ń fi eérú fa ìlà, kò ní ẹlòmíràn tó máa bá wọn béèrè.

Òkè-Ògùn ní aṣojú mẹ́ta nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, sẹ́nétọ̀ Àríwá Ọ̀yọ́ sì ń ṣojú wọn nílé àgbà. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 péré láti dáhùn ìwé aráàlú. Kí àwọn aṣojú náà kọ̀wé. Kí wọ́n má tíì béèrè ìdí tí wúrà kò fi wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù Ofili kúrò nílé, àti ẹni tó fọwọ́ sí i.