Àwọn Ọmọ Wa Tó Ti Ogun Dé

Ẹ̀yin ará wa ní Kàdúná, láti 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tó jẹ́ ṣọ́jà ti ń lọ sí Borno. Àwọn kan ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí ọmọdé bá yin báńgà, òmíràn á da àyà délẹ̀ lójú ọjà. Òmíràn ń mu igbó kí oorun lè kùn ún. Kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n ní wèrè mọ́, kí a má sì fi ṣọ́ọ̀bù dù wọ́n. Àìsàn ni, ó sì ń gbóògùn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa níhìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti dá lọ. Àbá wa ni kí ẹgbẹ́ yan àgbà méjì tí yóò máa sìn wọ́n lọ, kí a yọ owó ọkọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́. Owó ìrẹsì ọdún nìkan tó o.