Ó Yẹ Kí Agbanisíṣẹ́ Rán Òṣìṣẹ́ Lọ Kẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òṣìṣẹ́ rí. Bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó, owó oṣù tí ó fi ń bọ́ aya àti ọmọ kì í sábà ṣẹ́kù tó owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ó tọ́ kí agbanisíṣẹ́ san owó ẹ̀kọ́ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó bá já fáfá.

Àwọn kan kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní bí òṣìṣẹ́ bá ti gboyè tán, yóò fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tí owó gbé pọ̀ jù. Wọn kò purọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí a rán, tí wọ́n sì padà.

Ní ọdún 1842, ẹgbẹ́ C.M.S. rán Àjàyí Crowther, olùkọ́ tí ń ṣiṣẹ́ fún wọn ní Sàró, lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó di àlùfáà ní 1843, ó padà sí Áfíríkà, ó sì di aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Àwa tí ń ka Yorùbá lónìí ń jẹ nínú èrè owó náà.

Ní Èkìtì wa níhìn-ín pẹ̀lú, a rí olóògbé Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1948. Iṣẹ́ náà ni ó rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọ̀gágun ní Camberley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, àti sí èyí tí ó tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965. Nígbà tí ìlú dàrú ní 1966, òun ni a fi ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn.

Kí ẹ̀rù má baà ba agbanisíṣẹ́, kí àwọn méjèèjì kọ àdéhùn sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó lọ: iye ọdún tí yóò fi sìn lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àti iye tí yóò san padà bí kò bá lè parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè rẹ̀ kù. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá fi sìn gbọ́dọ̀ dín tirẹ̀ kù.

Ní ti òṣìṣẹ́, kí ó rántí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí ó bá sá lọ kò ṣẹ ọ̀gá rẹ̀ nìkan; ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, lọ́jọ́ iwájú àwọn kan nínú yín yóò di ọ̀gá, àwọn mìíràn yóò sì di òṣìṣẹ́. Kí ẹni tí ó di ọ̀gá má ṣe háwọ́. Kí ẹni tí a bá rán níṣẹ́ ẹ̀kọ́ má ṣe dalẹ̀.