Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Ọmọ Ẹni ní Burlington

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Abẹ́ òwe yìí ni àwọn tó fẹ́ ṣe ojúsàájú máa ń sá sí. Ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí kò mọ iṣẹ́ náà, òun ló máa pa. Alága káńsù tó da gbogbo ohun amáyédẹrùn sí àdúgbò tirẹ̀ á pa á pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí òwe náà ń bá wí gan-an ni ẹni tó ní ọmọ nílé, tó wo ìdí ọmọ náà pé kò rí bí òun ṣe fẹ́, tó wá torí ìyẹn gbé ìlẹ̀kẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí a tó lè lò ó bó ti yẹ, a ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹni.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Burlington, ìlú kan ní Kánádà tó wà létí adágún omi Ontario, láàárín Toronto àti Hamilton. Ohun tí ojú àjèjì tó ń wáṣẹ́ ń rí ní gbogbo agbègbè Ontario ló rí níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnjiníà tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá n'Ìbàdàn á kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde, wọ́n á kà á, wọ́n á yìn ín, wọ́n á wá bi í pé ìrírí iṣẹ́ tó ní ní Kánádà ńkọ́. Kò ní in. Ta ló fún un níṣẹ́ tí ì bá fi ní in? Lálẹ́, ilé ìkẹ́rùsí ló ń lọ láti lọ gbé páálí, nítorí pé ilé ń gbowó, ọmọ sì ń jẹun.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Kánádà ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan ọkùnrin yìí. Láti 1967 ni wọ́n ti ń fi máàkì yan àwọn tí yóò wá gbé níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà òṣìṣẹ́ onímọ̀ wọlé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 67 nínú 100. Ìwé tó kà lè fún un ní 25, iṣẹ́ tó ti ṣe lókè òkun sì lè fún un tó 15. Ọdún mẹ́wàá Ìbàdàn wúwo tó láti mú un wọ̀lú, ó wá di òfo nígbà tó dé ilé iṣẹ́. Òṣùwọ̀n méjì nìyẹn nínú ọjà kan ṣoṣo. Ìlú tó ti díwọ̀n èèyàn, tó sì gbà á sílé, ti sọ ọ́ dọmọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀, orúkọ gígùn tó ń jẹ́, yunifásítì tí wọn kò gbọ́ rí, ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn. Òwe sì ti ní wọn kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ du ọmọ ní ìlẹ̀kẹ̀.

N kò ní kí wọ́n má dán èèyàn wò o. Afárá ibi tí omi ti ń dì ní òfin tirẹ̀. Kí wọ́n ṣe ìdánwò fún un, kó sì jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wá.

Ìjọba Ontario pàápàá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dára. Ní 2006 wọ́n ṣòfin pé kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń fún ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì àti irú wọn ní ìwé àṣẹ má ṣe ojúsàájú, wọ́n sì yan Kọmíṣánnà tí yóò máa ṣọ́ wọn. Jean Augustine ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀, ní 2007. Olùkọ́ ni ní erékùṣù Grenada kó tó wá ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Kánádà ní 1960. Ní 1993 ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sílé aṣòfin àpapọ̀ ibẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣọ́. Ní 2023, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn ẹnjiníà níwèé àṣẹ yọwọ́ ìrírí Kánádà kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, ọ̀gá tó ń ka ìwé nínú yàrá rẹ̀ ṣì lè rọra tì í sápá kan, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Àwa náà ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bí s'Íbàdàn, tó kàwé níbẹ̀, tó ń sanwó orí níbẹ̀, bí bàbá rẹ̀ bá ti wá láti Ẹnúgù, wọn kì í fún un ní ìwé ọmọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ ọ́ pé kí a fi ibi tí ìran èèyàn ti wá fìyà jẹ ẹ́. A kò lè máa bínú sí Burlington nítorí ohun tí a ń ṣe nílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́ lọ́hùn-ún, bí ẹ bá rí ìrírí Kánádà nínú ìpolówó ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ẹjọ́ wọn sun ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti di ọ̀gá níbẹ̀, nígbà tí ìwé ọmọ Síríà tàbí ti ọmọ Philippines bá dé orí tábìlì yín, ẹ ka ọdún tó fi ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n ka tiyín.