Dísìkì Tó Ń Kú Lọ́wọ́ Ń Ké: Ta Ló Ń Gbọ́?

Lórí Òkè Ìdànrè, ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà, ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà, àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà sì wà lára àpáta. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ òkè náà kò gbé ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ mì. Nítorí ìṣúra wọ̀nyí ni orúkọ rẹ̀ fi wọ àkójọ àwọn ibi tó ń dúró de ìfọwọ́sí àjọ UNESCO ní ọdún 2007.

Ìrántí ti òde òní kò sí lára àpáta mọ́. Inú háàdì dísìkì ló wà: fọ́tò ọdún Orósùn, ohùn àwọn àgbà tó ń pìtàn, ìwé ilẹ̀ oko kòkó. Ìdílé tó bá rówó á ra sáfà kékeré sínú yàrá, á da gbogbo rẹ̀ sí i, á sì pè é ní ibi ìpamọ́. Ibi ìpamọ́ kọ́ nìyẹn. Àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò, ibojì tí a kò tíì bò ni.

Bí ó bá bàjẹ́, iná ọba ni wọn á dá lẹ́bi. Lóòótọ́, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lè ṣe dísìkì léṣe, ooru pẹ̀lú kò ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni àmì ti hàn kí ọjọ́ ikú tó pé. Fáìlì kan kọ̀ láti ṣí. Fídíò ń dúró lójijì. Àpótí ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Onílé yí ohùn rédíò sókè, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Bẹ́ẹ̀ ni dísìkì ń kọ àkọsílẹ̀ àìsàn ara rẹ̀. Àwo inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan; bí ojú kan lára rẹ̀ bá bàjẹ́, á kó iṣẹ́ ibẹ̀ lọ sí àyè mìíràn, á sì kà á sílẹ̀. SMART ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ náà. Ọ̀fẹ́ ni smartctl, ètò tó ń kà á. Ìlà 5 ń ka ojú tó ti bàjẹ́ tí a ti pààrọ̀. Ìlà 197 ń ka èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú. Ìlà 198 ń ka èyí tí kò ṣe é kà. Bí iye wọ̀nyí bá ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí onílé má ṣe ṣiyèméjì mọ́. Ìlà 199 yàtọ̀: wáyà ló sábà máa ń fẹ̀sùn kàn. Àìmọ èyí ló ń mú kí àwọn kan ju dísìkì tó dára nù, kí wọ́n sì fi èyí tó ń kú sílẹ̀.

Ohun tí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn burú ju àìsàn lọ. Wọn á fọ dísìkì náà mọ́ pátápátá, tàbí kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù eléruku. Ẹ̀dà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́: kí a kó ohun tó ṣì ṣe é kà jáde, kí a tó dán ohunkóhun wò.

Àwọn kan á ní, “Àyẹ̀wò wa kọ PASSED, kò séwu.” Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ Google gbé ìwádìí jáde lórí dísìkì tó lé ní 100,000. Èyí tí ó bá fi àṣìṣe hàn nínú àyẹ̀wò ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè kú láàárín ọgọ́ta ọjọ́ ní ìlọ́po 39 ju èyí tí kò fi hàn lọ. Síbẹ̀, 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kú ni kò ní ọ̀kankan nínú àmì mẹ́rin tó lágbára jù. Ẹni tó bá rí àmì, kó sáré. Ẹni tí kò rí i, kó má sùn.

Àwọn mìíràn á fi RAID yangàn, pé dísìkì méjì ló wà nínú àpótí. Bí ọmọdé bá pa fáìlì rẹ́, inú méjèèjì ló ti parẹ́. Bí olè bá gbé àpótí, méjèèjì ló gbé. RAID kì í jẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Kò sọ pé ohun ìní kò ní sọnù. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà lẹ́yìn odi ilé: òfin náà nìyẹn. Àkúrẹ́ kò jìnnà sí Ìdànrè; àbúrò tó ń gbé níbẹ̀ lè tọ́jú ọ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé owó kò sí. Ìdílé tó ń dá aṣọ ẹbí fún ìnáwó ọjọ́ kan lè dá owó dísìkì kejì. Àmì orí àpáta kò ṣe é kà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ wádìí rẹ̀ lọ́la. Dísìkì tó kú láìní ẹ̀dà lè má fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láti wádìí.