Orúkọ Nìkan Kò Tó Láti Fi Pe Ènìyàn Ní Ògbólógbòó Ọ̀daràn

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó dàrán bora, aṣọ olè ni ó dà bora. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù, bí ó bá ti dájú pé ẹni tí ó jalè ìjẹ́ta náà ni ó dúró níwájú adájọ́ lónìí. Níbi ìdájú yìí gan-an ni ewu wà fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ẹ̀yìn odi. Nílé, bí ọlọ́pàá bá ní Táíwò ti ṣẹ̀wọ̀n rí, àdúgbò yóò béèrè pé Táíwò wo, ọmọ ilé ta ni? Ní Nyanya tàbí Kubwa, ní ẹ̀bá Àbújá, ta ni yóò béèrè? Akọ̀wé kóòtù mìíràn tilẹ̀ lè gbọ́ Àdìó kí ó sì kọ Audu.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti orúkọ rere nìkan. Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015, èyí tí wọ́n ń lò ní Àbújá, sọ ní apá 416 pé kí adájọ́ má ṣe fi ìjìyà tí ó ga jùlọ jẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, àti pé kí ó wádìí ìgbésí ayé ẹlẹ́bi kí ó tó dá iye ọdún. Nítorí náà, gbólóhùn kan péré, “ó ti ṣe é rí,” lè sọ oṣù di ọdún.

Ẹjọ́ tí ó gbajúmọ̀ jùlọ lórí irú ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Bwari, ní agbègbè Àbújá. Ní ọdún 1995, kóòtù Upper Area tí ó wà níbẹ̀ dá ọkùnrin kan lẹ́bi. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ni James Onanefe Ibori. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ń jẹ́ orúkọ yìí gan-an wà lórí oyè gẹ́gẹ́ bí gómìnà Ìpínlẹ̀ Delta, láti 1999 títí dé 2007. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ méjì pè é lẹ́jọ́ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti díje ní 2003, nítorí ìwé òfin ilẹ̀ wa kò gba ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ìwà àìṣòótọ́ ní ohun tí kò tó ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìdìbò. Gómìnà ní òun kọ́ ni ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Adájọ́ tí ó dá ẹjọ́ ti Bwari wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀ pé òun náà ni. Síbẹ̀, Adájọ́ Hussein Mukhtar ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Àbújá sọ pé ẹ̀rí kò fi hàn pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fara mọ́ ọn, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi èdìdì dì í ní ọdún 2006.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní kóòtù Southwark ní Lọ́ńdọ́nù, ọkùnrin yìí gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn owó ìlú, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún 13 ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Níbẹ̀ ni agbẹjọ́rò ìjọba ti ṣàlàyé pé wọ́n ti dá a lẹ́bi olè rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1991, àti pé ó yí ọjọ́ ìbí rẹ̀ padà kí ìtàn náà má bàa lé e bá.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi àwọn adájọ́ Àbújá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gàn náà kò tọ́ sí wọn. Ẹ̀bi ti Lọ́ńdọ́nù kò sọ ẹni tí ó dúró ní Bwari di ẹlòmíràn. Bí adájọ́ bá gbà pé orúkọ tí ó bára mu àti ìrántí ẹnì kan tó láti so ẹ̀bi àtijọ́ mọ́ gómìnà tí ó ní àwọn àgbà agbẹjọ́rò lẹ́yìn, kí ni yóò dá bíríkìlà láti Ọ̀yọ́ sí ní kóòtù Gwagwalada? Gómìnà jẹ ànfààní òfin. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà náà jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ti là á sílẹ̀. Apá 248 ní kí olùpẹ̀jọ́ mú ìwé ẹ̀rí wá, tí akọ̀wé kóòtù tí ó dá ẹjọ́ àkọ́kọ́ tàbí aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n buwọ́ lù. Bí olùjẹ́jọ́ bá sọ pé òun kọ́ ni, apá kan náà kò gba ìwé náà títí adájọ́ yóò fi rí ẹ̀rí pé ẹnì kan náà ni. Fún ẹ̀bi ti òkè òkun, ìtẹ̀ka ni apá 249 ń béèrè. Ìtẹ̀ka ni ó yẹ kí ó jẹ́ òpó gbogbo rẹ̀ nílé pẹ̀lú, nítorí Táyé àti Kẹ́hìndé tí ojú wọn jọra kò ní ìtẹ̀ka kan náà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni iṣẹ́ kù sí. Òfin 2015 pàṣẹ pé kí ilé àkọsílẹ̀ ọ̀daràn wà ní oríkò wọn àti ní ìpínlẹ̀ gbogbo, kí ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan sì dé oríkò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Níbi tí wọn kò bá ti ṣe é, ìpalára rẹ̀ pé méjì: ògbólógbòó yóò máa jẹ́ ọmọ tuntun ní kóòtù gbogbo, aláìṣẹ̀ yóò sì máa ru ẹrù ẹni tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Kí ọmọ Yorùbá tí irú èyí bá dé bá má ṣe mi orí sí ohun tí kò yé e. Ìwé òfin ilẹ̀ wa fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kì í bá ṣe òun ni, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ketekete, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga bá fi ẹ̀bi tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn pa kún ọdún rẹ̀, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ó ní láti gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.